Ẹ̀wù Ọ̀gbọ̀ Abẹ́lé: Aṣọ Iṣẹ́ Ọkùnrin Àgbẹ̀ ní Ilẹ̀ Pólándì àti Ìbéèrè Lórí Aṣọ Ìbílẹ̀

Àṣamọ̀

Bí a bá dárúkọ aṣọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Pólándì, ohun tí ó sábà ń wá sí ọkàn ni aṣọ aláràbarà tí àwọn oníjó ń wọ̀ lórí ìtàgé. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ aṣọ mìíràn wò, èyíinì ni ẹ̀wù àti ṣòkòtò funfun tí a fi ọ̀gbọ̀ hun nínú ilé, tí ọkùnrin àgbẹ̀ ń wọ̀ ṣiṣẹ́ títí di òpin sẹ́ńtúrì 19. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe aṣọ náà, bí ìbú rẹ̀ ṣe ń darí bí a ṣe ń rán an, bí ìgbésí ayé àgbẹ̀ tí kò ní òmìnira ṣe hàn lára rẹ̀, àti ìdí tí aṣọ mìíràn tí ó jẹ́ àbúrò rẹ̀ fi gba orúkọ "aṣọ ìbílẹ̀" mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Aṣọ tí òwe yìí ń tọ́ka sí ni aṣọ ìmúròde. Kò sí ẹni tí í kí aṣọ oko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ìmọ̀ nípa aṣọ. Ohun tí àwọn ènìyàn kó pamọ́ sínú àpótí ni ó ń dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tí ó dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó ń wọ inú ìwé. Èyí tí ó sì wọ inú ìwé ni àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa pè ní aṣọ ìbílẹ̀. Aṣọ tí a wọ̀ títí tí ó fi gbó kì í sábà rí ẹni jẹ́rìí sí i.

Ilẹ̀ Pólándì, tí ó wà ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, jẹ́ ibi kan tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Àwòrán ọkùnrin Pólándì nínú aṣọ ìbílẹ̀ tí ayé mọ̀ jù lọ ni ti agbègbè Kraków: fìlà pupa onígun mẹ́rin tí a fi ìyẹ́ ọ̀kín sí lára, ẹ̀wù àwọ̀lékè aláìlápá tí ó ní àwọ̀ búlúù, ṣòkòtò onílà pupa àti funfun, àti bàtà aláwọ tí ó ga. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹ̀wù funfun kan wà tí ojú kì í dúró lé. Ẹ̀wù náà ti wà kí àwọn yòókù tó dé, ó sì kárí agbègbè ju èyíkéyìí nínú wọn lọ. Nígbà ooru, òun àti ṣòkòtò funfun bíi tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin àgbẹ̀ ń wọ̀ láìsí ohunkóhun mìíràn lórí wọn. Ọ̀gbọ̀ ni a fi hun ún. Nínú èdè Pólándì, płótno ni orúkọ aṣọ ọ̀gbọ̀. Samodział sì ni wọ́n ń pe aṣọ tí a hun nílé, ìbáà ṣe ti ọ̀gbọ̀ tàbí ti irun àgùntàn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ṣe.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ aṣọ ọkùnrin àgbẹ̀ Pólándì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti oko ọ̀gbọ̀ àti ìdí òfì, kì í ṣe láti orí ìtàgé. Ìdí mìíràn tún wà. Bí aṣọ funfun yìí ṣe kúrò lójú ọ̀nà kò ṣẹ̀yìn ìtàn ẹni tí ó ní òmìnira àti ẹni tí kò ní in.

Ọ̀gbọ̀: láti oko títí di aṣọ funfun

Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé Yorùbá ti kọ́kọ́ pàdé aṣọ ọ̀gbọ̀, níbi tí ó ti jẹ́ aṣọ àlùfáà àti ti ọlọ́rọ̀. Ní abúlé Pólándì, aṣọ ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ni. Ewéko kan náà ni ó ń mú méjèèjì jáde. Iye iṣẹ́ tí a ṣe sí i ni ó ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ọ̀gbọ̀, tí àwọn ará Pólándì ń pè ní len, jẹ́ ewéko tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lè ga tó nǹkan bí mítà kan, tí òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ búlúù. Kò dà bí òwú, tí fọ́nrán rẹ̀ ń bò ó lára èso. Inú èèpo ọ̀pá ọ̀gbọ̀ ni fọ́nrán tirẹ̀ fara pamọ́ sí, a kò sì lè rí i yọ láìṣe wàhálà. Ìgbà ìrúwé ni a ń gbìn ín. Nǹkan bí 100 ọjọ́ lẹ́yìn náà ni a ń kórè rẹ̀. A kì í gé e, ńṣe ni a ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí fọ́nrán rẹ̀ má baà dín kù ní gígùn. A ó wá fi òòyà onígi tàbí onírin fa èso rẹ̀ kúrò. A ń fún òróró lára èso yìí, òróró náà sì wúlò púpọ̀ nínú oúnjẹ àwọn ará abúlé ní àwọn ọjọ́ ààwẹ̀ tí ìjọ Kátólíìkì kò gbà kí a jẹ ọ̀rá ẹran.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ó gba ìmọ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀. A ó rì ọ̀pá ọ̀gbọ̀ náà sínú adágún tàbí odò kékeré, tàbí kí a tẹ́ ẹ sórí koríko kí ìrì máa sẹ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí ohun tí ó lẹ fọ́nrán mọ́ igi yóò fi jẹrà. Bí kò bá tíì tó àkókò, èèpo kò ní í ṣí. Bí ó bá pẹ́ jù, fọ́nrán fúnra rẹ̀ yóò jẹrà pẹ̀lú, iṣẹ́ ọdún kan yóò sì ṣòfò. Bí ó bá ti gbẹ, a ó fi ohun èlò onígi kan tí ń jẹ́ międlica fọ́ ọ. Ohun èlò náà ní ẹnu bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì tí ń pàdé, igi inú ọ̀gbọ̀ yóò sì máa já wẹ́wẹ́ láàárín wọn. A ó tún lù ú kí ìdọ̀tí lè bọ́ kúrò, a ó sì yà á lórí òòyà onírin eléyín mímú.

Ìdí òòyà yìí ni aṣọ ti kọ́kọ́ ń pín sí ipò. Fọ́nrán gígùn tí ó dán ni yóò kù sí ọwọ́ ẹni tí ń ya á; àwọn kúkúrú tí ó ta kókó ni yóò há sínú eyín òòyà. Fọ́nrán gígùn ni a ń fi hun aṣọ tí ó wẹ́, tí a fi ń rán ẹ̀wù ọjọ́ Ìsinmi. Èyí tí ó há sínú òòyà ni a ń ran di òwú gbàgìdì, tí a sì ń fi hun aṣọ líle tí wọ́n ń pè ní zgrzebne. Nínú rẹ̀ ni ṣòkòtò oko, ẹ̀wù iṣẹ́ àti àpò ọkà ti ń jáde. Nínú ẹ̀wù àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń fi aṣọ tí ó wẹ́ rán apá òkè tí ojú ń rí, tí a ó sì fi èyí tí ó le rán ìsàlẹ̀ tí yẹ̀rì bò mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin ni ìrànwú. Láti ìgbà ìwọ́wé títí tí Lẹ́ńtì yóò fi wọlé ni àwọn ìyá àti ọmọbìnrin ń fi ìrọ̀lẹ́ ìgbà òtútù ran òwú. Wọ́n á so ìdì ọ̀gbọ̀ mọ́ orí ọ̀pá kan, wọ́n á máa fa fọ́nrán jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi itọ́ rin ín, wọ́n á sì máa yí ìrànwú tí ó so rọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ó yá, kẹ̀kẹ́ ìrànwú tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tàn dé àwọn abúlé, iṣẹ́ sì yá sí i. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin sábà máa ń pé jọ sí ilé kan láti jùmọ̀ rànwú, níbi tí orin, àlọ́ àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú iṣẹ́. Obìnrin ilé tàbí ahunṣọ abúlé, tí ó lè jẹ́ ọkùnrin, ni yóò wá gbé òwú náà sórí òfì.

Aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì kò funfun. Àwọ̀ eérú tàbí ti ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ní. Láti sọ ọ́ di funfun, a ó sè é nínú omi eérú, a ó tẹ́ ẹ sórí koríko tútù lẹ́bàá odò, a ó máa wọ́n omi sí i bí oòrùn bá ti ń gbẹ ẹ́, a ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, funfun tí ojú ń rí lára ẹ̀wù náà kì í ṣe àwọ̀ àbínibí rẹ̀. Iye ọjọ́ tí obìnrin kan fi jìyà lórí rẹ̀ ni funfun náà ń sọ. Bí ọkùnrin bá jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ẹ̀wù tí ó funfun gbòò, iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ ni ará abúlé ń wò lára rẹ̀.

Ìbú aṣọ ni ó ń darí àlùmọ́gàjí

Òfì abúlé kò fẹ̀. Apá ẹni tí ń ju ọkọ̀ òwú láti ọwọ́ kan sí èkejì ni ó pinnu ìbú aṣọ, èyí tí ó sábà ń jẹ́ nǹkan bí 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí ó ti mọ gbogbo làálàá tí a là sílẹ̀ yìí kò ní í yà á lẹ́nu pé àgbẹ̀ kì í fẹ́ kí ègé kankan ṣòfò. Ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ kò ní ìgékúgèé yípo bí ẹ̀wù òde òní. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni ó ní igun mẹ́rin, tí a fi etí aṣọ ṣe etí wọn.

Ọ̀nà méjì ni ó gbajúmọ̀ jù lọ láti rán an. Nínú ọ̀nà kìíní, a ó ṣẹ́ aṣọ gígùn kan po lórí èjìká, a ó sì la ihò ọrùn sí àárín ibi tí ó ti ṣẹ́. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń rán dàńṣíkí yóò tètè dá ọ̀nà yìí mọ̀. Nínú ọ̀nà kejì, aṣọ iwájú àti ti ẹ̀yìn dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí èjìká kọ̀ọ̀kan ni a ó ti fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin kan so wọ́n pọ̀. Przyramek ni orúkọ ègé náà. Òun ni ó ń ru ẹrù èjìká, òun ni ó sì ń jẹ́ kí a lè ṣẹ́ aṣọ iwájú àti ẹ̀yìn jọ sí ọrùn kí ẹ̀wù lè fẹ̀ ní àyà.

Apá ẹ̀wù náà kò ju aṣọ kan tí a ṣẹ́ po lọ. Ibi tí ọgbọ́n wà ni abẹ́ abíyá, níbi tí a ti fi ègé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Láìsí ègé yìí, ẹ̀wù yóò fà ya ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin bá gbé dòjé gígùn láti gé koríko tàbí ọkà. Pẹ̀lú rẹ̀, apá lè lọ sókè sódò bí ó ti wù ú. Ọrùn lè ní etí tóóró lásán tàbí kọ́là tí a ṣẹ́ sílẹ̀. Ọjá, bọ́tìnnì tàbí okùn ni a fi ń dè é. Nítorí pé ègé onígun mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, bí apá kan bá gbó, kò ṣòro láti tú u kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ṣòkòtò ọ̀gbọ̀ tẹ̀ lé ìlànà kan náà: aṣọ kan fún ẹsẹ̀ kan, pẹ̀lú ègé tí a fi sí ìdí kí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó jókòó láìfa nǹkan ya, àti okùn tí a fi ń so ó mọ́ ìbàdí. Ní ti àwọn ọmọdékùnrin, ẹ̀wù gígùn nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ní kékeré. Ìgbà tí ọmọ bá tó ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ni ó tó ń wọ ṣòkòtò. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè, ìyàwó ni ó ń rán ẹ̀wù ìgbéyàwó fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin a sì máa tọ́jú ẹ̀wù náà pamọ́ títí di ọjọ́ ikú, kí a lè fi sin wọ́n.

Láti agbègbè kan sí òmíràn

Bí ìlànà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù náà yàtọ̀. Ní apá ìwọ̀-oòrùn àti ní Kraków, inú ṣòkòtò ni a ń ki etí ẹ̀wù sí. Ní apá ìlà-oòrùn àti gúúsù ìlà-oòrùn, ńṣe ni a ń jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀ bo ṣòkòtò, tí a ó sì fi ìgbànú dì í. Ìyàtọ̀ kékeré yìí tó fún ará abúlé láti mọ ibi tí àlejò ti wá.

Láàárín odò Vistula àti odò San, níbi tí igbó ńlá Sandomierz ti bo ilẹ̀ nígbà kan rí, ni àwọn ènìyàn tí à ń pè ní Lasowiacy ń gbé. Iyanrìn ni ilẹ̀ wọn, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀gbọ̀ ni ó gba gbogbo ara ọkùnrin wọn: ẹ̀wù, ṣòkòtò, àti płótnianka, èyíinì ni ẹ̀wù àwọ̀lékè gígùn tí a fi ọ̀gbọ̀ rán dípò irun àgùntàn. Fìlà tí a fi pòròpórò ọkà hun ni wọ́n ń dé nígbà ooru. Ní agbègbè Biłgoraj àti Tarnogród ní apá gúúsù Lublin, aṣọ ọ̀gbọ̀ pẹ́ lára àwọn ènìyàn gidigidi, àwọn onímọ̀ sì ka àṣà aṣọ ibẹ̀ mọ́ àwọn tí ó gbọ́jọ́ jù lọ ní Pólándì. Iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ tí a mọ̀ wọ́n mọ́ ni ìlà tí ó ká bí ìkarahun ìgbín àti òbìrìkìtì.

Ní Podhale, lórí òkè Tatra ní gúúsù, irun àgùntàn ni a fi ń rán ṣòkòtò nítorí òtútù. Ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ ibẹ̀ kúrú, kò ní kọ́là, ìkọ́ onírin idẹ tí ń jẹ́ spinka ni ó sì ń pa àyà rẹ̀ dé. Ní Kraków, ẹ̀wù náà ní kọ́là tí a ṣẹ́ sílẹ̀, ọjá pupa tàbí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ni a sì fi ń dè é. Èyí fi hàn pé bí ọ̀gbọ̀ ti ń kúrò ní aṣọ gbogbo ara tí ó ń di aṣọ abẹ́ nìkan ni aṣọ agbègbè kan ń súnmọ́ ọrọ̀ àti ọjà ìlú.

Ẹni tí ó ń wọ̀ ọ́: àgbẹ̀ tí a so mọ́ ilẹ̀

Ó rọrùn láti ka ọ̀rọ̀ samodział sí ìyìn fún ìdáṣe. Ìtàn kò jẹ́ kí a dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó wọ aṣọ yìí wà lábẹ́ ètò tí a ń pè ní pańszczyzna, níbi tí àgbẹ̀ ti ń fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí oko ọ̀tọ̀kùlú san gbèsè ilẹ̀ tí ó ń dá. Àgbẹ̀ náà kì í ṣe ẹrú tí a rà lọ́jà, kì í sì í ṣe ìwọ̀fà tí yóò lọ ní ọjọ́ tí a bá san owó. A bí i mọ́ ilẹ̀ náà ni, kò sì lè kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ní 1520, òfin fi lélẹ̀ pé kí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ fún onílẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ní àwọn sẹ́ńtúrì tí ó tẹ̀ lé e, ọjọ́ náà di púpọ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ní ojúṣe tiwọn: ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ní láti ran iye òwú kan lára ọ̀gbọ̀ onílẹ̀ ní ọdọọdún. Èyí tí wọ́n ń ran fún ọkọ àti ọmọ ti wá lẹ́yìn èyí.

Bí a bá wo Silesia, ilẹ̀ kan tí ó wà lábẹ́ ọba Austria, tí ó bọ́ sí abẹ́ Prussia ní àárín sẹ́ńtúrì 18, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì di apá kan Pólándì ní 1945, ọ̀rọ̀ ọ̀gbọ̀ yóò súnmọ́ ilẹ̀ Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gbọ̀ abúlé di òwò ńlá. Àwọn àgbẹ̀ tí a so mọ́ ilẹ̀ ń rànwú, wọ́n sì ń hunṣọ ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn oníṣòwò ń kó aṣọ náà gba Hamburg lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Sípéènì àti Pọ́túgàl. Láti ibẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ òkun tí ń bọ̀ ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ra ẹrú. Nínú ìwé ọjà ilé iṣẹ́ Royal African Company ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì 17, a rí aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní sletias. Orúkọ Silesia ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Owó tí kò tó nǹkan tí a ń san fún àgbẹ̀ aláìlómìnira ni ó jẹ́ kí aṣọ náà pọ́ọ́kú tó láti fi ra ènìyàn ní èbúté. Aṣọ tí ó wẹ́ jáde kúrò nílé ẹni tí ó hun ún, ó lọ di owó orí ẹlòmíràn ní etíkun tí a ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ. Èyí tí ó le ni ó kù sílé.

Òmìnira dé díẹ̀díẹ̀. Pólándì kò dá dúró bí orílẹ̀-èdè láti 1795 títí di 1918. Prussia, Austria àti Rọ́ṣíà ni wọ́n pín in mọ́wọ́. Prussia bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1807, Austria ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1848, ti apá Rọ́ṣíà sì di 1864. Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀ àti owó tí ó lè ná bí ó ti wù ú. Lára ohun àkọ́kọ́ tí ó náwó sí ni aṣọ. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ti wà nítòsí nígbà náà. Żyrardów, ìlú ilé iṣẹ́ ọ̀gbọ̀ ńlá nítòsí Warsaw, gba orúkọ rẹ̀ láti ara Philippe de Girard, ará Faransé tí ó ṣe ẹ̀rọ ìran-ọ̀gbọ̀. Aṣọ òwú láti Łódź pọ́ọ́kú, ó sì fúyẹ́. Ọjá, ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnnì dídán àti aṣọ aláwọ̀ wọ inú abúlé. Ìdajì kejì sẹ́ńtúrì 19 yìí ni ọ̀pọ̀ nínú aṣọ aláràbarà tí à ń pè ní ti ìṣẹ̀ǹbáyé tó gbèrú. Aṣọ òmìnira ni, ọjà ni ó sì ti wá.

Bí aṣọ ìmúròde ṣe gba orúkọ

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ni ó gbé aṣọ náà ga. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1794, ní Racławice, àwọn àgbẹ̀ tí ó fi abẹ dòjé ṣe ọ̀kọ̀ ran ọmọ ogun Tadeusz Kościuszko lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun Rọ́ṣíà. Láti bu ọlá fún wọn, Kościuszko wọ sukmana, èyíinì ni ẹ̀wù àwọ̀lékè gígùn onírun àgùntàn ti àwọn àgbẹ̀ Kraków. Láti ọjọ́ náà ni sukmana ti di àmì orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, 70 ọdún ni ó kọjá kí pańszczyzna tó dópin ní apá ibi tí wọ́n ti ja ogun náà. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú tètè gba aṣọ àgbẹ̀ wọlé ju bí wọ́n ti gba àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ní 1900, akéwì Lucjan Rydel gbé ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan níyàwó ní abúlé Bronowice nítòsí Kraków. Stanisław Wyspiański wà níbi ìgbéyàwó náà, ó sì fi í ṣe eré oníṣe Wesele, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé Kraków ní 1901. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìlú ń wọ aṣọ Kraków láti fi ìfẹ́ orílẹ̀-èdè hàn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba tuntun fọwọ́ sí ẹgbẹ́ orin àti ijó Mazowsze, tí Tadeusz Sygietyński àti Mira Zimińska dá sílẹ̀ ní 1948. Ẹgbẹ́ náà gbé aṣọ agbègbè oríṣiríṣi káàkiri ayé. Ìtàgé kò ní àyè púpọ̀ fún ẹ̀wù tí ó ní àwọ̀ eérú.

Ohun tí ó kù fún àwọn onímọ̀

Àwọn tí ó kọ nípa aṣọ àgbẹ̀ kò gbàgbé ọ̀gbọ̀ pátápátá. Oskar Kolberg, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkójọ ńlá rẹ̀ lórí àṣà àwọn ará abúlé jáde ní 1857, ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n ń wọ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Láti 1949 ni àwọn ìdìpọ̀ Atlas Polskich Strojów Ludowych ti ń jáde, tí ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣàlàyé aṣọ agbègbè kan, àti bí wọ́n ṣe ń gé e. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Kolbuszowa ń tọ́jú àṣà àwọn Lasowiacy. Ti Sanok sì ń tọ́jú ti àwọn tí ń gbé ẹsẹ̀ òkè Carpathia. Nínú àwòrán Bociany tí Józef Chełmoński yà ní 1900, àgbẹ̀ kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró lóko láti wo ẹyẹ tí ń fò kọjá. Aṣọ funfun ni ó wà lára wọn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń fi ohun tí àpótí aṣọ kò lè fi hàn hàn wá.

Àpótí kò lè fi í hàn nítorí pé ẹ̀wù iṣẹ́ kì í kú ikú kan ṣoṣo. Bí ó bá gbó lọ́rùn, a ó lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ṣe é lẹ̀ mọ́, a ó fi rán ti ọmọdé tàbí kí a fi wé ọmọ ìkókó. Lẹ́yìn èyí ni yóò di àkísà, àwọn tí ń ra àkísà kiri yóò sì kó o lọ sí ibi tí a ti ń ṣe bébà, nítorí pé àkísà ọ̀gbọ̀ ni a fi ń ṣe bébà ní Yúróòpù kí ti igi tó gbòde ní sẹ́ńtúrì 19. Orí irú bébà bẹ́ẹ̀ ni a kọ òfin àti ìwé ìṣirò àwọn onílẹ̀ sí. Ìwé tí onímọ̀ ń yẹ̀ wò láti mọ̀ nípa àgbẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wù àgbẹ̀ náà gan-an, tí a ti sọ di ojú ewé tí ẹlòmíràn kọ̀wé sí.

Síbẹ̀, ìmọ̀ náà kò tètè parun. Nígbà ogun àgbáyé méjèèjì, tí aṣọ ilé iṣẹ́ kò sí lọ́jà, ọ̀pọ̀ ìdílé tún gbé òfì àti kẹ̀kẹ́ ìrànwú jáde láti orí àjà. Àwọn obìnrin tí ó ti dàgbà ṣì mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ohun tí àṣà ìmúròde ti gbàgbé ni àìní tún pè padà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ ọkùnrin àgbẹ̀ Pólándì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà "aṣọ ìbílẹ̀" kì í dá dúró láìsí ẹni tí ó yàn án. Aṣọ tí ó gba orúkọ náà ní Pólándì jẹ́ aṣọ ayẹyẹ, ó jẹ́ ti ẹ̀yìn òmìnira, ọjà sì ni púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ ti wá. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́. Àgbẹ̀ tí ó fi owó òmìnira rẹ̀ ra ọjá pupa mọ ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í ṣe gbogbo ìtàn, obìnrin tí ó fi oṣù mẹ́wàá ọdún lé ọ̀gbọ̀ kiri láti oko dé orí koríko yóò pòórá, àti ọkùnrin tí ó gé ọkà onílẹ̀ nínú aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ hun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìmọ̀ nípa aṣọ Yorùbá pẹ̀lú. Sányán, àlàárì àti etù ti rí àpótí, wọ́n ti rí ìwé, wọ́n sì ti rí oríkì. Kíjìpá, tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró nínú ilé, tí ó nípọn tí ó sì ń fara da iṣẹ́, kò rí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí a bi ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ wúlò fún un: báwo ni òfì ṣe fẹ̀ tó, báwo ni ìbú yẹn ṣe darí ìránṣọ, ọwọ́ ta ni ó ran òwú, ta ni ó ní àkókò rẹ̀, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà nígbà tí ó gbó? Ẹni tí ó bá ń kó aṣọ jọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí yóò ṣe dáadáa bí ó bá béèrè fún èyí tí a lẹ̀, kí ó tó béèrè fún èyí tí a tọ́jú.